Ìgbafẹ́ náà ní ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí a bá àwọn ilẹ̀ mìíràn pààrọ̀ rẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ṣàgámù. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà ní oríṣiríṣi ìlú ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, Ìpẹ̀rù ni mo sì ń gbé báyìí. Ohun tí mo fẹ́ kọ̀wé lé lórí lónìí kì í ṣe owó oṣù olùkọ́, kì í sì í ṣe òrùlé ilé ìwé tí ń jò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn náà tó ọ̀rọ̀ í sọ. Ó jẹ mọ́ àkókò tí iṣẹ́ bá ti parí, tí agogo ilé ìwé bá ti lù, tí ènìyàn bá wà fún ara rẹ̀, àti bí a ṣe lè kọ́ ara wa àti àwọn ọmọ wa láti lò ó dáadáa, kí a sì fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà ní òkúnkúndùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ó là mí lójú sí i. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Èkó fún ọdún 35, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni ó sì máa ń jí kí ó tó lè bá ọkọ̀ lọ. Nígbà tí ó fẹ̀yìntì, ó kó ẹrù rẹ̀ wá sí ilé baba wa. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ń wọlé, bí ó tilẹ̀ ń falẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi nǹkan ránṣẹ́, ara rẹ̀ sì le. Síbẹ̀, láràárọ̀ ni yóò wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, yóò so aago mọ́ ọwọ́, yóò jókòó sórí àga onígi kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò sì máa wo títì. Bí mo bá ní kí a jọ lọ wo bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ilé ìwé, yóò ní òun kì í ṣe ọmọdé mọ́. Bí mo bá ní kí ó wá ta ayò lọ́dọ̀ àwọn àgbà tí ń bẹ lábẹ́ igi ilé kejì, yóò ní òun kò mọ̀ ọ́n ta, ojú sì ń ti òun láti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Àbúrò mi, kí ni àwọn tí kì í lọ síbi iṣẹ́ máa ń ṣe láti àárọ̀ títí di alẹ́?" Ó béèrè rẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́, n kò sì rí èsì kankan fún un. Kò pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ó fi dolóògbé. N kì í ṣe dókítà, n kò sì sọ pé àìrí-nǹkan-ṣe ni ó pa á. Ìbéèrè rẹ̀ ni kò kúrò lọ́kàn mi.

Mo fẹ́ kí ó yé àwọn òǹkàwé pé n kò gbè lẹ́yìn ọ̀lẹ. Ìgbafẹ́ tí mo ń sọ ni àkókò tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ohun tí yóò ṣe, tí kò sí ọ̀gá lórí rẹ̀, tí kò sì retí owó nídìí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìgbafẹ́ sì ni kí a kọ́ tọmọdé tàgbà láti mọ ohun tí ń ṣe ara àti ọkàn wọn lóore nínú irú àkókò bẹ́ẹ̀, kí wọ́n mọ ibi tí wọn yóò ti rí i, kí wọ́n sì mọ bí a ṣe ń bá ẹlòmíràn ṣe é láìjà. Àwọn kan yóò ní ta ni ó tún ń kọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ní fàájì. Lóòótọ́ ni a mọ òde í ṣe, a mọ aṣọ ẹbí í wọ̀, a sì mọ bí a ṣe ń yẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ ẹni sí. Ṣùgbọ́n òde àríyá di ìgbà tí ẹnìkan bá sìnkú tàbí tí ó bá fọmọ fọ́kọ, owó gọbọi ni ó sì ń ná ni. Láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀ ńkọ́? Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Ṣàgámù tàbí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kí ẹ wo ibi tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin pọ̀ sí. Ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni. Wọn a kó ojú mọ́ tẹlifíṣàn tí ó wà lára ògiri, wọn a di tíkẹ́ẹ̀tì mú, wọn a máa retí kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Yúróòpù jẹ góòlù kí àwọn lè rí owó oúnjẹ alẹ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ Remo Stars tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìkẹ́nnẹ́ níbí gba ife líìgì àgbà Nàìjíríà ní ọdún 2025, gbogbo wa ni inú wa dùn, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ tí ó wà nílé tẹ́tẹ́ yẹn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan bọ́ọ̀lù láti ìgbà tí ó ti jáde ilé ìwé?

Ilé ìwé ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n nítorí pé ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀. Nínú àtẹ àkókò ẹ̀kọ́ tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri, wákàtí eré ìdárayá wà níbẹ̀ kedere, àwọn alábẹ̀wò sì máa ń rí i. Bí ìdánwò àtiwọ ilé ìwé girama bá ti ń sún mọ́lé, ìṣirò ni à ń fi wákàtí yẹn ṣe. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì ń dùn mí. Bí ilé ìwé bá wá gba ọlidé, lẹ́sìn, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún, ni àwọn òbí ń kó ọmọ lọ. Ní ọdún tí mo fẹ̀yìntì, mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún kọ ohun tí wọ́n ṣe ní ọlidé sínú ìwé wọn. Ọ̀pọ̀ ni ó kọ lẹ́sìn, àwọn kan kọ pé àwọn bá ìyá àwọn tajà, àwọn yòókù kọ fóònù, ọmọbìnrin kan sì kọ pé òun sùn, òun jí, òun tún sùn. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni ó kọ pé baba ńlá òun ní Òde-Rẹ́mọ kọ́ òun ní òkòtó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, nítorí wọn kò mọ ohun tí ń jẹ́ òkòtó. Lọ́jọ́ kejì, ó mú un wá nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀: ìdí ìkarawun ìgbín tí wọ́n gé, tí wọ́n sì fi ara òkúta yí títí tí etí rẹ̀ fi dán. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka mìíràn lọ́ ọ sórí tábìlì mi, ó sì ń pòòyì, ó ń dún wìnìwìnì, gbogbo kíláàsì dákẹ́ títí tí ó fi ṣubú. Kí ilé tó jáde lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn ni ó ti ń wá ìkarawun ìgbín kiri.

Ẹ̀tọ́ sì ni eré jẹ́ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, kì í ṣe oore tí olùkọ́ ń ṣe wọ́n. Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní ọdún 1948 sọ ọ́ ní abala 24 pé gbogbo ènìyàn ni ó ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti ìgbafẹ́. Àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 1989 tún un sọ ní abala 31, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fúnra wọn ṣe ní ọdún 1990 sì sọ ọ́ ní abala 12. Nàìjíríà sọ ọ́ di òfin ní ọdún 2003, Ìpínlẹ̀ Ògùn wa sì ti ṣe tirẹ̀. Àti pé láti ọdún 2024, ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdọọdún ni ọjọ́ eré ṣíṣe lágbàáyé. Òfin kò wọ́n wa rárá. Ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ni ó wọ́n wa.

Ní ọdún 1993, àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pé jọ ní Jerúsálẹ́mù, wọ́n sì kọ ìwé àdéhùn àgbáyé kan lórí ẹ̀kọ́ ìgbafẹ́, èyí tí ẹgbẹ́ tí à ń pè ní World Leisure lónìí tẹ́wọ́ gbà. Ohun tí ó wù mí nínú rẹ̀ ni pé kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún olùkọ́ eré ìdárayá nìkan. Ó fẹ́ kí ẹ̀kọ́ ìgbafẹ́ wà ní gbogbo kíláàsì, kí àdúgbò náà máa kọ́ni, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga sì máa kọ́ àwọn tí yóò kọ́ni. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Tai Solarin tí ń kọ́ àwọn olùkọ́ wà ní Ìjagun, kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde, Yunifásítì Olabisi Onabanjo wà ní Àgọ́-Ìwòyè, Babcock wà ní Ìlíṣàn. Bí ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta báyìí bá wà láàrin wa, kí ni ó dé tí a kò lè rán olùkọ́ mẹ́rin lọ sí ilẹ̀ òkèèrè fún sáà kan, kí a sì gba mẹ́rin lálejò láti ọ̀dọ̀ wọn?

Bí ẹ bá bi mí pé ilẹ̀ wo, Bùràsíìlì ni n ó kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ̀jẹ̀ wa ń bẹ níbẹ̀, èdè wa ṣì wà nínú orin wọn, àwọn ènìyàn ibẹ̀ sì mọ ìnira bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1946, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ SESC, fún ànfààní àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtajà àti àwọn ìdílé wọn. Àwọn agbanisíṣẹ́ ni ó ń náwó rẹ̀: náírà kan ààbọ̀, kí n fi owó tiwa ṣe àpẹẹrẹ, nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí wọ́n bá san fún òṣìṣẹ́, inú àpò àjọ yìí ni ó ń lọ. Ní ìlú São Paulo, ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ti ń ṣe àgbá irin rí. Nígbà tí iṣẹ́ parí níbẹ̀, wọn kò wó o. Lina Bo Bardi, obìnrin ayàwòrán-ilé tí wọ́n bí ní Ítálì, ni ó tún un ṣe, nígbà tí ó sì di ọdún 1982 wọ́n ṣí i fún ará ìlú: ibi ìkàwé wà níbẹ̀, gbọ̀ngàn eré orí ìtàgé wà, yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ni ní mímọ ìkòkò àti iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn wà, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ àti pápá ìṣeré sì wà. Nígbà tí ẹgbẹ́ World Leisure fẹ́ ṣe àpérò àgbáyé rẹ̀ ní ọdún 2018, SESC ti São Paulo ni ó gbà wọ́n lálejò. Mo máa ń ronú kan ibi yìí bí mo bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn gbọ̀ngàn ìlú wa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìlú tí kò ní ọ̀kan ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, àwọn ọmọ ìlú ni ó dáwó kọ́ ọ, ṣùgbọ́n àgádágodo ni ó ń wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí di Sátidé tí olóde bá háyà rẹ̀. Bí ẹnìkan láti São Paulo bá wá jókòó tì wá fún oṣù mẹ́ta, tí ó fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń ṣètò ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tí ń ṣílẹ̀kùn, ẹni tí ń kọ́ àwọn arúgbó, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irinṣẹ́, a ó rí i pé bíríkì kọ́ ni a nílò.

Ilẹ̀ mìíràn náà ní tiwọn. Ní Finland, bí àwọn ọmọ bá kẹ́kọ̀ọ́ fún ìṣẹ́jú 45, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n fún wọn ní ìṣẹ́jú 15 láti jáde ṣeré, ìwé wọn kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ burú. Ní Jàpáánù, láti ọdún 1928 ni wọ́n ti ń gbé eré ìdárayá sórí rédíò, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni láràárọ̀. Ní àkókò ọlidé, àwọn ọmọdé a kó ara wọn jọ ní àdúgbò pẹ̀lú káàdì lọ́rùn, wọn a ṣe é pẹ̀lú àwọn àgbà, wọn a sì gba òǹtẹ̀ sára káàdì náà. Rédíò wà ní Ìjẹ̀bú, ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́ rédíò, mo fi èyí síwájú yín.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí òyìnbó kó ẹrù wá fún wa. A ti gba ẹrù rí. Ní ilé ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́, àwọn ọlọ́rẹ kan láti òkè òkun fi jangirọ́fà àti àwọn ohun ìṣeré mìíràn ránṣẹ́, wọ́n dára, ọ̀dà pupa àti aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi kùn wọ́n. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Nítorí kí ó má baà bàjẹ́, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè é, ọjọ́ tí àlejò bá ń bọ̀ nìkan ni wọ́n ń tú u. Òjò pa á, oòrùn pa á, ìpẹtà jẹ ẹ̀wọ̀n náà mọ́ ọn lára. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wa ní bí a ó ṣe máa ṣọ́ ọmọ nídìí rẹ̀ tàbí bí a ó ṣe máa tún un ṣe, àwa náà kò sì béèrè. Ènìyàn ni kí ó máa lọ kí ó máa bọ̀, kí ó kọ́ni, kí a kọ́ òun náà.

A sì ní ohun tí a lè kọ́ wọn. Ní ọ̀sán Sátidé, ní nǹkan bí aago mẹ́rin, mo máa ń gbé ọpọ́n ayò baba mi jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ihò mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ọmọ 11 ni ó ń wá báyìí. Ọmọbìnrin kan wà láàrin wọn tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, tí kì í fi ìka ka ọmọ ayò. Ojú ni ó fi ń kà á. Yóò dákẹ́, ètè rẹ̀ yóò máa mì, yóò sì kó odù kan, ihò tí ọmọ ayò ti pọ̀ nínú rẹ̀, lójijì, yóò máa pín in kiri, èyí tí ó bá sì ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ gbẹ̀yìn yóò bọ́ síbi tí yóò ti jẹ mẹ́ta. Olùkọ́ rẹ̀ sọ fún mi pé ìṣirò kì í wọ̀ ọ́ létí. Mo ti kọ́ wọn ní bí a ṣe ń kí àwọn tí ń tayò, "Mo kọ́ta, mo kọ́pè," wọ́n sì mọ̀ pé ọ̀ta, ẹni tí ó mọ ayò ta, ni ó ń dáhùn, pé òpè, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta, kò gbọdọ̀ fọhùn. Ọ̀kan nínú wọn tí ó pàdánù lẹ́ẹ̀mẹta ní Sátidé tó kọjá bínú dìde, ó lọ yíká ilé, ó sì padà wá jókòó. Ẹ̀kọ́ ni èyí náà.

Ayò yìí kan náà ni wọ́n ń pè ní oware ní Gánà, tí wọ́n ń pè ní warri ní erékùṣù Antigua àti Barbados. Àwọn baba ńlá àwọn ará erékùṣù náà tí wọ́n kó lẹ́rú kò rí ààyè gbé ọpọ́n dání, orí wọn ni wọ́n fi gbé e kọjá òkun. Ọmọ 48 ni tiwọn náà, méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n sì ń jẹ bíi tiwa. Bí aago mẹ́rin ọ̀sán bá lù ní Ìpẹ̀rù, aago 11 òwúrọ̀ ni ó ń lù ní Antigua. Fóònù kan níhìn-ín, fóònù kan lọ́hùn-ún, kí ẹni tí ó kàn máa pe iye ihò tí ó fẹ́ kó, ọmọ ilé ìwé ní Ìjẹ̀bú-Òde lè bá ọmọ ilé ìwé ní Antigua ta ayò láìsí ìwé ìrìnnà. Irú èyí kò ní ná ìjọba ní owó tí ó tó nǹkan. Ní Ítálì, àwọn ará Verona ti ń kó eré ìbílẹ̀ jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní Tocatì, Bẹ́ljíọ̀mù, Faransé, Kòróṣíà àti Sípírọ́ọ̀sì sì dara pọ̀ mọ́ wọn tí UNESCO fi tẹ́wọ́ gbà á ní ọdún 2022 gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe fún àwọn tí ó fẹ́ dá eré ìbílẹ̀ dúró. Orílẹ̀-èdè márùn-ún nítorí eré ọmọdé! Àwa, Gánà, Bẹ̀nẹ̀ àti Antigua kò ha lè ṣe ti ayò?

Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, gbogbo ayé ni ó ń wo Ojúde Ọba lórí fóònù wọn, àwọn àlejò sì ń wọ Ìjẹ̀bú-Òde láti ilẹ̀ jíjìnnà wá wo ẹṣin àti aṣọ. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ti lọ. Ohun tí ó ṣe iyebíye jù nínú ọjọ́ náà lójú tèmi kò hàn nínú fọ́tò, òun ni rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni ó ń wá bí àwọn tí ó ti dàgbà kò ṣe ní máa dá nìkan jókòó nílé, ó sì wà lọ́wọ́ wa tipẹ́, kí àwọn tí wọ́n bí ní ìgbà kan náà máa pé jọ, kí wọ́n jọ dá owó, kí wọ́n jọ jó, kí wọ́n máa bẹ ara wọn wò títí ọjọ́ alẹ́. Ká ní ẹ̀gbọ́n mi ti wọ ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó wà ní Èkó ni, ì bá rí ibi tí yóò lọ. Mo bẹ àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba ilé ìwé kan mọ́ra, kí wọ́n máa lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí wọ́n mọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n sì ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba tí àlejò yóò bá wọn jókòó kọ́ ìjó àti ìlù dípò kí ó kàn dúró ya àwòrán. Erédò Sùngbọ́ náà ń bẹ, odi ilẹ̀ tí ó lé ní 160 kìlómítà, tí gíga rẹ̀ dé nǹkan bí mítà 20 láwọn ibì kan. Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá láti ọ̀nà jíjìn, ó fi ẹsẹ̀ rìn ín, ó sì wọ̀n ọ́n. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Òkè-Ẹ̀rí ńkọ́, ta ni ó ti mú wọn rìn ín ní ọjọ́ ìsinmi?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé ebi ni ó ń pa àwọn ènìyàn, kí n fi eré sílẹ̀. Ebi náà ni ó mú mi kọ̀wé. Ọlọ́rọ̀ yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ gbafẹ́ níbi tí ó bá wù ú. Ẹni tí kò lówó ni ilé tẹ́tẹ́ ń gba ẹgbẹ̀rún náírà tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nítorí kò sí ibòmíràn tí wọ́n tan iná sí ní àdúgbò rẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tí ẹ wà ní London, ní Houston, ní Toronto, tí ẹ máa ń fi ibùsùn ilé ìwòsàn ránṣẹ́ sílé: ẹ bá wa bá ilé ìwé tí àwọn ọmọ yín ń lọ sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ wọn bóyá ó lè yọ̀ǹda wákàtí kan lóṣù fún àwọn ọmọ tiwa. Ẹ̀yin olóòtú, bí ẹ bá lè yọ̀ǹda igun kékeré kan nínú ìwé ìròyìn yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún eré ìbílẹ̀ àti òfin rẹ̀, n ó kọ ti ayò wá láìgba kọ́bọ̀. Ọpọ́n mẹ́ta ni mo ní báyìí, ọmọ 11 kò sì lè jókòó sí i tán, nítorí náà mo ń wá agbẹ́gilére tí yóò gbẹ́ mẹ́rin sí i fún mi kí ọlidé gígùn tó dé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ fẹ̀yìntì kan,
Ìpẹ̀rù-Rẹ́mọ.